Ewé Ilẹ̀ Tútù Lábẹ́ Oòrùn Wa: Àgbéyẹ̀wò Ìgbà Gbígbìn àti Ìgbà Kíkórè Mẹ́lísà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa ewé yìí kó tó yé mi pé kì í ṣe ọwọ́ mi ni kò dára, kàlẹ́ńdà tí mò ń tẹ̀lé ni kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ẹ̀yìn ọ̀rá irúgbìn ni wọ́n kọ ọ́ sí: kí a gbìn ín nígbà tí yìnyín bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tán. Ìbàdàn ni mo wà. Yìnyín wo ni kí n máa retí? Mo bá fi òjò àkọ́rọ̀ rọ́pò yìnyín. Mo gbìn ín nínú oṣù Ẹrẹ́nà bí ẹni gbin àgbàdo, mo wa ilẹ̀ bò ó, mo bomi rin ín títí, nǹkan kan kò yọjú. Ní ọdún kejì ó hù, ó rúwé, ó ń ta sánsán nígbàkúùgbà tí aṣọ bá kàn án. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó ti gbẹ bíi háhá àgbàdo.

Lemon balm ni àwọn Òyìnbó ń pe ewé náà. Melissa ni wọ́n ń pè é ní Bràsílì, toronjil ni ní Kúbà. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa, kò ní orúkọ lẹ́nu wa, nítorí náà mẹ́lísà ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ìdílé efinrin ni, ẹ sì lè fọwọ́ dá a mọ̀: igi rẹ̀ ní igun mẹ́rin bíi ti efinrin, ewé rẹ̀ ń jáde ní méjì méjì, wọ́n a sì kọjú síra wọn. Òórùn rẹ̀ ló yàtọ̀. Bí ẹ bá fi ìka méjì rún un, ẹ ó rò pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọsàn wẹ́wẹ́ nínú yàrá ni.

Ìtàn rẹ̀ gùn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Etí Òkun Mẹditaréníà, títí dé Ìráànì àti àárín gbùngbùn Éṣíà, ni ilé rẹ̀. Linnaeus ló fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, Melissa officinalis, ní 1753. Kòkòrò oyin ni melissa lédè Gíríìkì, nítorí oyin kì í fi òdòdó rẹ̀ sílẹ̀. Ibn Sina, ọ̀gá oníṣègùn tó kú ní 1037, kọ ọ́ pé ó ń mú ọkàn yọ̀. Ní 1611 àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kámẹ́lì ní Paris ti ń fi í ṣe omi olóòórùn tó gbajúmọ̀, nígbà tó sì di 1826, Maria Clementine Martin bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní ìlú Cologne ní Jámánì. Wọ́n ṣì ń tà á dòní. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù gbà á gẹ́gẹ́ bí ewé ìbílẹ̀ fún àìbalẹ̀ ọkàn díẹ̀, fún oorun, àti fún inú tó bá wú: gíráàmù 1.5 sí 4.5 ewé gbígbẹ nínú omi gbígbóná tó tó mìlílítà 150, lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn oorun tàbí oògùn gẹ̀gẹ̀ kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Oṣù ni ọ̀rọ̀ tèmi. Nínú gbogbo ohun tí mo kà àti ohun tí mo fojú ara mi rí, ó hàn sí mi pé mẹ́lísà kò mọ oṣù rárá. Ìgbà tí ara bá ń tù ú ló mọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìgbà yẹn ní àdúgbò tirẹ̀ yóò gbìn ín bí ìgbà náà bá ti ń wọlé, yóò sì ti kórè rẹ̀ kó tó di pé ó ń jáde lọ. Ní Jámánì, ìgbà ooru wọn ni. Ní Houston, ìgbà òtútù wọn ni. Ní Ìbàdàn, bí ẹ bá gbà mí gbọ́, àárín òjò ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ sí nọ́sìrì abẹ́ òrùlé nínú oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, wọ́n ń kó o lọ sóko nínú oṣù Èbìbí nígbà tí yìnyín ò lè pa á mọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìkórè kan ni wọ́n sábà máa ń rí. Láti ọdún kejì lọ, wọ́n ń gé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, àkọ́kọ́ nínú oṣù Òkúdù tàbí Agẹmọ, kí òdòdó tó là. Bí òtútù bá dé, ewé yóò kú, gbòǹgbò yóò sùn sínú ilẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì móoru yóò tún jí. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń lò ó kí wọ́n tó tún òmíràn gbìn. Ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ló di igbó. Ọmọ Yorùbá kan tí mo mọ̀ ní Peckham ń fà á tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì tún ń lọ ra tíì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ kò tó gíráàmù kan. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ẹni tó bá wa ilẹ̀ bò ó bí àgbàdo ti sin ín láàyè, ohun tí èmi sì ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ nìyẹn. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń fọ́n ọn sí, wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè gbá ilẹ̀ mú, wọn a sì máa fi omi wínníwínní rin ín kó má baà ṣàn lọ. Nílé ìdánwò irúgbìn, ìwọ̀n Celsius 20 ni wọ́n máa ń fi í sí, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ kó máa bọ̀ láàrin 20 àti 30, wọn a sì ka èyí tó bá hù títí di ọjọ́ kọkànlélógún.

Ẹ wo 20 àti 30 yẹn dáadáa. Bí ẹ bá ń gbé ní Ìbàdàn, ẹ ti mọ̀ pé òru wa àti ọ̀sán wa kò jìnnà sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù. Híhù kọ́ ni ìṣòro mẹ́lísà nílẹ̀ wa nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé kì í hù níhìn-ín, ilẹ̀ ni wọ́n wà bò ó. Ẹ̀yìn híhù ni ìyọnu rẹ̀ wà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni mo ti máa ń bá ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà jà. Iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní máàpù kan, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, tó pín ilẹ̀ wọn sí ìpín 13 gẹ́gẹ́ bí òtútù tó le jù níbẹ̀ lọ́dún ṣe máa ń rí. Ìwé tó bá sọ pé mẹ́lísà ń ṣe dáadáa láti ìpín kẹrin tàbí ìkarùn-ún títí dé ìkẹsàn-án, máàpù yìí ló ń fi ṣe ẹ̀rí. Òtútù nìkan ni máàpù náà ń wọ̀n. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ooru ṣe máa ń mú tó, kò sì sọ iye ọjọ́ tó ń lò. Torí èyí ni ẹgbẹ́ American Horticultural Society fi gbé máàpù mìíràn jáde ní 1997, èyí tó ń ka iye ọjọ́ tí ooru bá kọjá 30 nínú ọdún kan. Ìbéèrè tó yẹ ewé yìí nìyẹn. Ní Ìbàdàn, láti oṣù Bélú títí wọ oṣù Èbìbí, ọ̀sán tí kò kọjá 30 kò wọ́pọ̀. Oṣù méje gbáko.

Ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣe oúnjẹ, lóru ó ń jẹ nínú rẹ̀. Bí òru bá gbóná, ó ń jẹun jù, èyí tó kù láti fi dàgbà á dín kù. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé òru ni ká bi, ká má tíì bi ooru. Ẹ tún fi kún un pé gbòǹgbò mẹ́lísà kì í rìn jìnnà sísàlẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi kì í pẹ́ kúrò lára rẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń bà á tààrà, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, etí rẹ̀ yóò sì máa jó. Bí ooru bá wá pẹ̀lú ọ̀gbẹlẹ̀, kòkòrò pupa wínníwínní tó ń ta òwú bí aláǹtakùn yóò bo abẹ́ ewé. Bí ooru bá wá pẹ̀lú ọ̀rinrin, àrùn Septoria yóò fi àmì dúdú dúdú sí i lára, tàbí kí funfun bí ìyẹ̀fun bò ó. Ìkángun méjèèjì kò dára fún un.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Houston ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú níbi tó gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ka máàpù. Ó ní bí òun bá ti lè jókòó síta lálẹ́ láìwá abẹ̀bẹ̀, òun mọ̀ pé àkókò ti tó. Ìyẹn máa ń bọ́ sí oṣù Ọ̀wàrà, nígbà míì ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlú wọn yóò sọ pé oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, kò sì burú, àmọ́ mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ewé tí wọ́n bá gbìn ní Ọ̀wàrà ti ní oṣù méje tàbí mẹ́jọ láti ta gbòǹgbò kí ooru tó dé. Èyí tí wọ́n bá gbìn ní Ẹrẹ́nà, oṣù mẹ́ta péré ló ní, gbòǹgbò rẹ̀ sì ṣì kéré nígbà tí ooru oṣù Òkúdù bá kàn án. Òtútù ibẹ̀ kò lè pa á: nínú oṣù Èrèlé 2021, nígbà tí ìlú náà tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 10 sísàlẹ̀ òdo, tí omi dì nínú páìpù, ewé rẹ̀ kú mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò sùn ni, ó sì tún yọ.

Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí dé ìbẹ̀rẹ̀ Òkúdù ni ẹ̀gbọ́n mi ń kórè. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò gé e lulẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bí ìka mẹ́rin, yóò gbé àwọn ìkòkò náà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ilé níbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń dé, yóò máa bomi rin ín, kò sì ní fi ajílẹ̀ sí i rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ apá ìkẹyìn yẹn. Bí wọ́n bá rí i pé ewé ń rẹ̀, wọn a bu ajílẹ̀ fún un, ajílẹ̀ á sì mú kó rú ewé rọ̀bọ̀tọ̀ nínú ooru tí kò lè gbà. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ní gúúsù Florida lọ́hùn-ún, ní ìhà Miami, ìsinmi yẹn pàápàá kì í tó, nítorí òru ibẹ̀ gbóná jù láti Òkúdù dé Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni kí wọ́n gbìn ín ní Ọ̀wàrà, kí wọ́n jẹ ẹ́ títí di Igbe, kí wọ́n sì gbà pé ti ọdún kan ni.

Bràsílì ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ẹ̀kọ́ jù. Bí ẹ bá wọ ọjà níbẹ̀ tí ẹ béèrè erva-cidreira, ewé mẹ́ta tí kò bára tan ni wọ́n lè kó lé yín lọ́wọ́. Ọ̀kan ni mẹ́lísà gan-an. Èkejì ni Lippia alba, igi kúkúrú kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tó lè ga ju ọmọdé lọ, tí òdòdó rẹ̀ kéékèèké sì ń pọ́n bí àlùkò. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: koríko ọba ni, èyí tí àwa náà ń pè ní ewé tíì. Capim-cidreira tàbí capim-limão ni wọ́n ń pè é níbòmíràn, àwọn ará Bahia ń pè é ní capim-santo. Ohun tó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni citral, èròjà inú òróró wọn tó ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́. Imú ló fún wọn ní orúkọ kan.

Lippia alba pàápàá kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Francisco José de Abreu Matos, tó dá ètò Farmácias Vivas sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ceará ní 1983, fi hàn pé àwọn kan nínú rẹ̀ kún fún citral, àwọn mìíràn kún fún carvone, èyí tó ń mú òórùn mìíràn wá pátápátá. Ẹni tó bá ṣe àlàyé fún yín pé ìyá òun àgbà ní Fortaleza ń gé erva-cidreira yípo ọdún nínú oòrùn gangan, òótọ́ ló ń sọ. Ewé mìíràn ló ń sọ nípa rẹ̀ ni. Lippia fẹ́ràn oòrùn, ó ń rúwé láti ara ẹ̀ka tí a gé gbìn, ó sì ń tanná lóṣooṣù. Mẹ́lísà gan-an, apá gúúsù bíi Paraná àti orí òkè tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ ni àyè rẹ̀, ẹ̀ka tàbí ìdí rẹ̀ tí wọ́n pín ni wọ́n sì sábà fi ń gbìn ín níbẹ̀, nítorí kì í sábà tanná tó máa so èso. Ẹ má sì gbàgbé pé oṣù wọn dorí kodò sí ti Yúróòpù: Èbìbí sí Ògún ni òtútù wọn. Ẹni tó bá ń ka ìwé Bràsílì kó tó gbin nǹkan gbọ́dọ̀ bi ìwé náà ní ohun méjì: ewé wo ni, ìhà ayé wo sì ni.

Kúbà náà ní irú rẹ̀. Caña santa wọn, koríko ọba wa ni. Toronjil de menta wọn, ìdílé míǹtì ni, kì í ṣe mẹ́lísà bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ jọra.

Ó wá kan ilé. Ohun tí mo sọ nípa òru, Ìbàdàn yóò fẹ́ jà mí níyàn, nítorí òru wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti oṣù dé oṣù: nǹkan bí 21 sí 23 ni, àyàfi nígbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an. Bí òru kò bá ní ìyàtọ̀, ọ̀sán ni kí ẹ bi. Ọ̀sán wa tó gbóná jù ni ti Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, tó ń lọ sí 34. Ọ̀sán tó tutù jù ni ti Agẹmọ àti Ògún, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 28, tí ìkùukùu ń bo oòrùn lójú, tí òjò pàápàá ń dákẹ́ díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ń sọ pé oòrùn kò ràn, aṣọ kò gbẹ, ìgbà yẹn gan-an ni ara ń tu mẹ́lísà.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é látìgbà tó ti yé mi. Ní ìparí oṣù Èbìbí mo ń fọ́n irúgbìn sínú àwo pẹrẹsẹ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí ọ̀wààrà òjò kò ti lè gbá a lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó bá ti ní ewé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Agẹmọ ti dé, mo ń kó o lọ sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo gbé ga, nítorí omi tó bá dúró sídìí rẹ̀ yóò jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sáàrin ọ̀kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ti wọnú ara wọn, àrùn ewé ti rí ilé. Láti ìparí Ògún tàbí Ọ̀wẹ́wẹ̀ mo ń gé e. Nínú oṣù Ọ̀wàrà, kí òjò tó lọ, mo ń gé ẹ̀ka tuntun tó tó ìka mẹ́rin, mo ń yọ ewé ìsàlẹ̀ kúrò, mo ń kì í sínú ìkòkò. Àwọn ìkòkò yẹn ni mo ń gbé kiri tẹ̀lé ibòji nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá wá di Èrèlé tí àwọn ti orí bẹ́ẹ̀dì kú, ó dùn mí díẹ̀, kò dùn mí púpọ̀.

Àwọn kan sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, kí n gbìn ín ní àkùrọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́, nítorí ọyẹ́ ń mú òru tutù. Mo gbìyànjú rẹ̀. Òru tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán 33 tẹ̀lé e, afẹ́fẹ́ sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti bomi rin ín ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, kí n tún fi màrìwò ṣe òrùlé fún un. Ewé rẹ̀ kéré, ó nípọn, òórùn rẹ̀ sì mú ju ti inú òjò lọ. N kò ní purọ́. Ẹni tó ní omi àti ẹni tí yóò máa pọn ọ́n lè ṣe é. Àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé bíi tèmi, àárín òjò ni.

Orí òkè Jos yàtọ̀ pátápátá. Ó ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí òkun, òru oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ níbẹ̀ sì ń béèrè bùláńkẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, ẹni tó bá gbìn ín pẹ̀lú òjò ní Igbe tàbí Èbìbí yóò máa kórè láti Agẹmọ dé Ọ̀wàrà, bí omi bá sì wà fún ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀rùn náà dára. Mambilla, níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì gan-an, tún ga jù ú lọ. Bí ẹnìkan bá bi mí ibi tó yẹ kí wọ́n ti gbin mẹ́lísà fún títà ní Nàìjíríà, n kò ní sọ pé Ìbàdàn, n kò sì ní sọ pé Èkó.

Kíkórè ni àwọn ìwé ti ń ṣì wá lọ́nà jù. Gbogbo wọn ló ń sọ pé kí a gé e kí òdòdó tó là, òótọ́ sì ni fún wọn, nítorí bó bá ti tanná tán, òórùn ewé a máa dín kù. Ṣùgbọ́n ojúmọ́ gígùn ìgbà ooru wọn, tó ń tó wákàtí 16 ní Jámánì nínú oṣù Òkúdù, ni òdòdó náà bá dé. Ojúmọ́ tó gùn jù ní Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá wákàtí 12 àti ààbọ̀. Òdòdó mẹ́lísà ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń dúró de òdòdó kó tó gé e yóò dúró títí ewé ìsàlẹ̀ yóò fi pọ́n, tí igi rẹ̀ yóò fi le. Ohun tí mo ń wò ni gíga rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀: bó bá ti tó gíga rúlà ọmọ iléèwé, tí àwọn ẹ̀ka kéékèèké ti ń yọ lábẹ́ apá ewé, tí ewé ìsàlẹ̀ méjì ìkẹyìn sì ti fẹ́ máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti tó. Mo ń gé e lókè ibi tí ewé méjì ti yọ, kí nǹkan bí ìka mẹ́rin sí márùn-ún kù lórí ilẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ti tó gé.

Òróró rẹ̀ wà nínú àwọn irun wínníwínní tó wà lára ewé, ewé òkè ló sì ní in jù. Apá kan nínú mẹ́ta tó wà lókè ni kí ẹ fi ṣe tíì, kí ẹ fi ti ìsàlẹ̀ bo ilẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ gé e, bí ìrì bá ti gbẹ tán lára rẹ̀ tí oòrùn kò sì tíì le. Ẹ má rún un, ẹ má kì í mọ́ inú ọ̀rá, nítorí níbi tí ẹ bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ yín, òróró tó yẹ kó wà nínú ife ni ẹ ń gbọ́.

Gbígbẹ wá jẹ́ kí ìkórè ní kàlẹ́ńdà méjì. Ewé tí mo bá gé ní Ògún tàbí Ọ̀wẹ́wẹ̀, tútù ni mo ń lò ó, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn rin, ewé a máa dúdú, a máa bu kó tó gbẹ. Èyí tí mo fẹ́ sá, mo ń dúró di Bélú tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀pẹ. Inú yàrá, lórí àtẹ, lábẹ́ ibòji, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí: oòrùn ò gbọ́dọ̀ rí i, ooru rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ kọjá 40. Ọyẹ́ ń parí iṣẹ́ náà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Nǹkan bí kílò márùn-ún tútù ló ń di kílò kan gbígbẹ. Àwọn ará Yúróòpù tó ń ra ewé gbígbẹ fún oògùn ní òfin pé rosmarinic acid inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹni tó bá ń ronú àtikó o lọ tà fún wọn, imú nìkan kò tó fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òróró, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ewé gbígbẹ mẹ́lísà, kílò 1,000, kì í sábà fúnni ní òróró tó ju kílò mẹ́ta lọ. Òmíràn kò tó kílò kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi wọ́n bíi góòlù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi máa ń fi òróró koríko ọba là á, tí wọn a sì kọ melissa sára ìgò. Koríko ọba tí a ń já ní ẹ̀yìnkùlé fi orúkọ ewé mìíràn wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn tó ń sin oyin pàápàá ń fi òróró koríko ọba fa oyin wọnú àpótí, bí àwọn àgbà Yúróòpù ṣe ń fi mẹ́lísà pa ilé oyin, nítorí citral wà nínú òórùn tí oyin fúnra rẹ̀ fi ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí tíì olóòórùn ọsàn nìkan lẹ ń wá tí ẹ sì ń gbé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Pọ́tónófò, koríko ọba ni kí ẹ gbìn. Ẹ fa ọmọ rẹ̀ kan tu lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, kò bìkítà fún òru, kò bìkítà fún ọ̀sán. Ẹni tó bá ń wá mẹ́lísà fúnra rẹ̀ nítorí ohun tó ń ṣe fún oorun rẹ̀, tàbí nítorí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n láti London, ẹni yẹn ni kó ra ìkòkò.

Ìkòkò mẹ́rin ló wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Houston lánàá, ó ní ẹ̀yin ti Ìbàdàn, ṣé ewé yín ṣì wà láàyè. Mo ní ó wà, ma. Ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo gbé ìkòkò tó dára jù lọ síta gbangba kí fọ́tò lè mọ́lẹ̀, mo sì yára gbé e padà.